Oorun Kọ̀ǹpútà àti Àìsùn Rẹ̀: Lámèyítọ́ Kékeré láti Jẹ́dà dé Mẹ́kà

Nínú ìwé ìròyìn wa yìí, ìwé ìtàn àròsọ, eré onítàn àti orin ni a sábà máa ń ṣe lámèyítọ́ lé lórí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí á yẹ irú ìwé mìíràn wò, ìyẹn ìwé tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ kọ fún ara wọn. ACPI ni wọ́n ń pè é. Intel, Microsoft àti Toshiba ni wọ́n jọ gbé e jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1996. HP àti Phoenix dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà, nígbà tó sì di ọdún 2013, wọ́n fa ìtọ́jú rẹ̀ lé UEFI Forum lọ́wọ́. Ìwé yìí ló sọ bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa sùn àti bí yóò ṣe máa jí. Ẹ má bẹ̀rù o. Kò di dandan kí ẹ mọ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kí ẹ tó lè bá mi lọ. Ohun tí a nílò ni etí fún ọ̀rọ̀, ẹ sì ti ní ìyẹn.

Ẹ óò béèrè pé kí ni Jẹ́dà àti Mẹ́kà wá ṣe nínú rẹ̀. Ọ̀nà Mẹ́kà kì í ṣe ọ̀nà àjèjì sí Yorùbá. Àwọn àgbà kan ṣì ń pè é ní Mọ́kà, ẹ ó sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá wa nílé. Lọ́dọọdún ni àwọn ènìyàn wa ń gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú King Abdulaziz ní Jẹ́dà, níbi tí wọ́n kọ́ ibùdó kan sí fún àwọn tó ń lọ ṣe Hajj, tí òrùlé rẹ̀ dà bí àgọ́ ńlá-ńlá. Ọdún 1981 ni wọ́n ṣí i. Fazlur Rahman Khan, ẹnjiníà tí wọ́n bí ní ilẹ̀ tó di Bangladesh lónìí, wà lára àwọn tó gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀, Jẹ́dà náà ló sì kú sí ní ọdún 1982. Nítorí dídúró ni wọ́n ṣe kọ́ ibẹ̀. Èrò lè lo ọ̀pọ̀ wákàtí lábẹ́ àgọ́ náà kí bọ́ọ̀sì tó gbé wọn lọ sí Mẹ́kà: ẹlòmíràn ń tòògbé, ẹlòmíràn sùn lọ fọnfọn, ẹlòmíràn ní tirẹ̀ di ẹrù mọ́ra, kò jẹ́ kí ojú òun pa dé. Ẹ fi àwòrán yìí sọ́kàn, yóò wúlò fún wa.

Àmọ́ ìdí tó mú mi yan ibẹ̀ gan-an ni èdè. Ẹni tó bá wo kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi Lárúbáwá ṣe ojú rẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ní Jẹ́dà, tó wo ibi tí Windows Gẹ̀ẹ́sì ti kọ Sleep, kò ní bá nawm níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni nawm ni Lárúbáwá ń pe oorun. Sukūn ni yóò bá. Ẹni tó bá lọ ilé kéú rí mọ sukūn dáadáa: àmì kékeré roboto tí a ń fi sórí kọ́ńsónáǹtì tí fáwẹ̀lì kankan kò tẹ̀ lé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́, àìmira. Ní ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti kọ Hibernate, isbāt ni wọ́n kọ, láti inú ọ̀rọ̀ kan náà tó bí subāt, ìyẹn ìsinmi tàbí oorun tó wọra, tó sì bá sabt tan, tí í ṣe orúkọ ọjọ́ Sátidé lédè Lárúbáwá. Àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ kò kàn gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí padà. Wọ́n dúró, wọ́n wo ẹ̀rọ, wọ́n sì ní: kì í ṣe pé nǹkan yìí sùn, ó dákẹ́ ni.

Ẹ tún wo ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Kétu àti Pọ́tónófò tí wọ́n ń fi Faransé ka ìwé. Lójú kọ̀ǹpútà tiwọn, mettre en veille ni wọ́n kọ síbẹ̀. Veille! Ìṣọ́ òru ni veille, ohun tí Yorùbá ń pè ní àìsùn. Gẹ̀ẹ́sì ní ó sùn, Lárúbáwá ní ó dákẹ́, Faransé ní kò sùn rárá. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo o. Ta ni ká gbà gbọ́?

Inú ẹ̀rọ ni ìdáhùn wà, kì í ṣe inú ìwé atúmọ̀ èdè. ACPI pín ipò kọ̀ǹpútà láti S0 dé S5. S0 ni ìgbà tó jí sílẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́. Ní S1, ọpọlọ ẹ̀rọ, èyí tí à ń pè ní prósẹ́sọ̀, kàn dáwọ́ iṣẹ́ dúró ni, kò gbàgbé ohunkóhun. Ẹni tó tòògbé lórí àga ni. S2 kò wọ́pọ̀, ẹ jẹ́ kí á fò ó kọjá. S3 ni èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀: ẹ pa ìdérí kọ̀ǹpútà alágbèéká dé, iná kékeré kan ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ṣí i padà, iṣẹ́ yín wà níbi tí ẹ fi í sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjì yẹn kọjá oorun. Wọ́n gé iná prósẹ́sọ̀. Gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ti ṣòfò. Ìrántí nìkan, ìyẹn RAM, ni wọ́n fi iná tín-ín-rín sílẹ̀ fún.

RAM yìí ni ẹ jẹ́ kí á dúró lé díẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ẹjọ́ náà ti yanjú. Inú àwọn ìkòkò iná kéékèèké ni ó ń kó ohun tó mọ̀ sí, ìkòkò yìí sì ń jò bí ajere. Tí a kò bá tún iná bù sí i, ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò dà nù. Nítorí náà, láàárín mìlísẹ́kọ́ńdì 64, gbogbo ìkòkò ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún bù kún lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wà ní S3, RAM fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, láìsí ẹni tó ń rán an létí, ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, ní òru. Àìsùn gidi nìyẹn. Prósẹ́sọ̀ kú, ìrántí ń ṣọ́ òkú. Lójú tèmi, Faransé ló sún mọ́ òtítọ́ jù nínú àwọn mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rò pé àwọn tó yan ọ̀rọ̀ náà ń ro ìkòkò tó ń jò.

S4 tún yàtọ̀. Níbẹ̀, wọ́n kọ gbogbo ohun tó wà nínú RAM sórí díìsìkì, wọ́n sì jẹ́ kí RAM náà kú. S5 ni ìgbà tí a bá ní a ti pa kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n tí wáyà rẹ̀ ṣì wà lára ògiri, tí bọ́tìnnì rẹ̀ ṣì ń retí ìka. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó kú tán, àfi kó yọ wáyà, kó yọ bátìrì pẹ̀lú.

Ẹ̀sùn mi àkọ́kọ́ sí ìwé ACPI nìyí. Abẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Sleeping, ni wọ́n kó S1 dé S4 sí, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ń tòògbé, ọ̀kan kú tí ìrántí rẹ̀ ń ṣe àìsùn, ọ̀kan ti kú tó sì fi ìwé ìhágún sílẹ̀. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ gbọ́ oorun, ó sì rò pé bí ọmọ tó sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni, kò séwu. Ó wà níbi tó ti ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó pa ìdérí dé láìtọ́jú iṣẹ́ náà, ó jù ú sínú báàgì, ó lọ. Ní S3, tí bátìrì bá tán lóru, ìkòkò dà nù nìyẹn, kò sí ohun tí yóò jí. Orúkọ tí wọ́n fún un ló tàn án jẹ.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo bí ó ṣe ń jí, nítorí níbẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn tó ń kọ firmware wà. Firmware ni ètò tí wọ́n kọ mọ́ inú ẹ̀rọ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, òun ló ń ṣiṣẹ́ kí Windows tàbí Linux tó yọjú. Láyé APM, ìyẹn ìlànà tí Intel àti Microsoft mú wá ní ọdún 1992, firmware ni bàbá ilé: òun ló ń pinnu ìgbà tí ẹ̀rọ máa sùn. ACPI gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún Windows àti Linux. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti gba àṣẹ oorun lọ́wọ́ firmware tó, wọn ò lè gba iṣẹ́ jíjí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó kú kò lè jí ara rẹ̀.

Báyìí ló ṣe ń lọ. Kí Linux tó sùn, ó pe iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní _PTS kí ẹ̀rọ lè múra sílẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀ sínú RAM. Ó kọ àdírẹ́sì kan sínú pátákó kékeré tí wọ́n ń pè ní FACS, bí ẹni ń sọ pé, tí o bá jí, ibí yìí ni kí o ti wá bá mi. Lẹ́yìn náà ó kọ irú oorun tó fẹ́ sí SLP_TYP, ó tẹ SLP_EN, ilẹ̀ ṣú. Nígbà tí ẹnì kan bá wá tẹ bọ́tìnnì, prósẹ́sọ̀ kò mọ̀ pé òun sùn rí. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan án náà ló tún ti bẹ̀rẹ̀, báìtì 16 sí òpin gígábáìtì mẹ́rin àkọ́kọ́, bí ọmọ tuntun tó ń ké. Firmware ló gbọ́dọ̀ bi í léèrè: ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọ ni, àbí o jí ni?

Nínú coreboot, firmware tí ẹnikẹ́ni lè kà, tí Ron Minnich bẹ̀rẹ̀ ní Los Alamos ní ọdún 1999 lábẹ́ orúkọ LinuxBIOS, ìbéèrè yẹn ní orúkọ tirẹ̀. Acpi_is_wakeup_s3 ni wọ́n pè é. Mo fẹ́ràn orúkọ náà. Ó sọ ohun tó ń ṣe, kò ṣe ṣakaṣìkì. Tí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, firmware lómìnira láti dán RAM wò, láti wọn ìyára rẹ̀, láti fi ohunkóhun sínú rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo nǹkan yí padà: ẹrù onílé wà nínú yàrá. Kò gbọ́dọ̀ dán RAM wò mọ́, ìwọ̀n tó ti wọ̀n tẹ́lẹ̀ tó sì tọ́jú ni kó lò. Kódà òun fúnra rẹ̀ nílò ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé nínú RAM kí ó tó lè ṣiṣẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ tẹ ẹrù ẹlẹ́rù mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí coreboot fi ń ya igun kan sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó sì ti sọ fún Linux pé kó má dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tún àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ yòókù tò bí wọ́n ṣe wà, yóò sì fò lọ sí àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sínú FACS.

Ẹ fojú inú wo òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Mẹ́kà ní àsìkò Hajj. Ó ṣí yàrá kan, kò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ṣé àlejò ti lọ pátápátá ni, kí ó kó gbogbo nǹkan dànù, kí ó tẹ́ ibùsùn tuntun, àbí ó lọ kírun ní Mọ́sálásí ńlá ni, tó ń bọ̀? Tí òṣìṣẹ́ yẹn kò bá béèrè, Àlàájì á padà dé, kò ní bá fìlà, kò ní bá ìwé ìrìnnà. Ẹ̀sùn mi kejì, tó kan àwọn tó ń kọ firmware, ni pé wọ́n sábà máa ń kọ ọ̀nà títàn dáadáa, tí wọ́n á wá kọ ọ̀nà jíjí bí ẹni tó ń sáré bá ọkọ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń dán títàn wò, torí ẹ̀rọ tí kò bá tàn, wọn ò lè tà á. Èyí tó bá jí tán tó wá gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jáde láti inú sípíkà, wọ́n á ní kí ẹ pa á kí ẹ tún un tàn.

Ohun tó burú ju sípíkà lọ ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, Rafal Wojtczuk àti Corey Kallenberg fi hàn pé àwọn ẹ̀rọ kan ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa tún ara wọn tò lẹ́yìn S3 sí ibi tí ẹni tó ti ráyè wọ inú ẹ̀rọ lè yí i padà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, Pedro Vilaça kọ ọ́ jáde pé àwọn Mac kan tí wọ́n ṣe ṣáájú àárín ọdún 2014, nígbà tí wọ́n bá sùn tí wọ́n sì jí, máa ń gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ibi tí firmware fúnra rẹ̀ ń gbé. Lọ́jọ́ tí wọ́n tan án, wọ́n tì í. Lẹ́yìn oorun, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá ráyè débẹ̀ lè kọ ohun tó bá wù ú sínú ọpọlọ ẹ̀rọ náà, kí ó sì máa gbé ibẹ̀ kódà bí ẹ bá pààrọ̀ díìsìkì. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ohùn Yorùbá, ẹ kíyè sí i: jí tí a fi ń jí láti ojú oorun àti jí tí olè fi ń jí nǹkan, ohùn òkè kan náà ni méjèèjì ní. Ẹ lè bi mí bóyá wọ́n bá ara wọn tan. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n lọ́rọ̀ firmware, ìgbà jíjí ni ìgbà jíjí.

Ó kan ẹni tó ń rìnrìn-àjò pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà tó wà ní S3 ṣì di kọ́kọ́rọ́ gbogbo ohun tí ẹ fi pamọ́ sínú díìsìkì mú nínú RAM, torí àìsùn ló ń ṣe. Ní ọdún 2008, J. Alex Halderman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Princeton fi hàn pé tí a bá fín RAM ní òtútù, ohun tó wà nínú rẹ̀ lè pẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá lọ, tó fi jẹ́ pé a lè ka kọ́kọ́rọ́ náà jáde. Ẹni tó bá fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní yàrá hòtẹ́ẹ̀lì tó pín pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, tó ní ó ti sùn, kí ó mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ooru ńkọ́? Òtútù ń ran RAM lọ́wọ́. Ooru ń mú kí ìkòkò túbọ̀ máa jò. Tí RAM bá ti gbóná kọjá ìwọ̀n 85 ti Celsius, mìlísẹ́kọ́ńdì 64 kò tó mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ máa bù ú kún láàárín 32. Àìsùn di ìlọ́po méjì nìyẹn, iná tó ń jẹ náà sì ń pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2024, ooru dé ìwọ̀n 51.8 ní Mọ́sálásí ńlá ti Mẹ́kà. Àwọn aláṣẹ Saudi sọ pé àwọn tó kú nígbà Hajj ọdún náà lé ní 1,300; kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ̀rọ kò tó ènìyàn, n kò sì fẹ́ fi wọ́n wé ara wọn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n dán oorun rẹ̀ wò ní yàrá tútù ní California tàbí Taiwan, inú báàgì dúdú nínú bọ́ọ̀sì láti Jẹ́dà sí Mẹ́kà ni ó ti máa ń sùn nígbà mìíràn.

Ta ló wá ń jí i nínú báàgì náà? Ní ìlú wa, ní àsìkò Ààwẹ̀, ajísààrì ló ń jí ènìyàn. Ìbàdàn, Ìlọrin, Èkó, ẹ ti gbọ́ pé orin wéré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí wa jẹ sààrì ló padà di fújì lọ́wọ́ Síkírù Àyìndé Barrister. Ìlú àwọn Lárúbáwá náà ní tiwọn, musaharati ni wọ́n ń pè é, ó ń lu ìlù kiri òpópónà. Kọ̀ǹpútà náà ní ajísààrì tirẹ̀, kódà wọ́n pọ̀: bọ́tìnnì, ìdérí, aago kékeré inú rẹ̀ tó ń fi bátìrì roboto ṣiṣẹ́, àti iṣẹ́ tí wọ́n rán láti orí wáyà. Èyí tó kẹ́yìn yìí dùn mọ́ mi. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kan bá fẹ́ jí èkejì láti òkèèrè, báìtì mẹ́fà tó kún dẹ́múdẹ́mú ló kọ́kọ́ rán, bí ẹni ń lu ìlù, lẹ́yìn náà ó pe orúkọ ẹni tó ń jí ní ìgbà 16. Báìtì 102 ni gbogbo rẹ̀. Ìgbà mẹ́rìndínlógún! Àwọn babaláwo á rẹ́rìn-ín.

Firmware ló ń sọ ajísààrì tó lẹ́tọ̀ọ́ àti èyí tí kò lẹ́tọ̀ọ́. Tó bá fi àyè gba gbogbo wọn, ọwọ́ tó ṣèèṣì kan asin inú báàgì á jí ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ kò sí níbẹ̀, ó gbóná, bátìrì tán, àìsùn dópin, iṣẹ́ ti lọ.

Ọ̀rọ̀ wá burú sí i láti ọdún 2012. Windows 8 mú nǹkan kan wá tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní Connected Standby, tí Windows 10 padà pè ní Modern Standby ní ọdún 2015. Kọ̀ǹpútà tó ń lò ó kì í lọ sí S3 mọ́. S0 ló wà! Ó pa ojú rẹ̀, ó dín iná kù, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́, ó ń gba lẹ́tà, ó ń dìde díẹ̀-díẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ bíi fóònù. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun ni wọ́n ti yọ S3 kúrò nínú firmware wọn pátápátá. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà lójú rẹ̀ kò yí padà: Sleep ní Gẹ̀ẹ́sì, sukūn ní Jẹ́dà. Lárúbáwá tó jàre lánàá ti jẹ̀bi lónìí, nítorí ẹ̀rọ náà kò dákẹ́ mọ́. Yorùbá nìkan ló ní ọ̀rọ̀ tó ba ìwà yìí mu, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà á lọ́wọ́ mi: ó pirọrọ ni. Ẹni tó pirọrọ ni ẹni tó di ojú bí ẹni tó sùn, tó sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ.

Mi ò ní pé ìpirọrọ kò dára níbi gbogbo. Ní Thuwal, lápá àríwá Jẹ́dà, ní yunifásítì KAUST, kọ̀ǹpútà ńlá kan wà nígbà kan tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Shaheen II, Shaheen túmọ̀ sí irú àṣá kan. Ipò keje ló wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó yára jù lágbàáyé ní àárín ọdún 2015. Kò sẹ́ni tó ń pa ìdérí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dé. Àmọ́ prósẹ́sọ̀ irú èyí tó wà nínú rẹ̀ lè tòògbé láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì, kí ó sì jí kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ìyẹn ṣe é gbà, torí àwọn tó ń bójú tó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ohun tí mo ń bínú sí ni ẹ̀rọ tó ń pirọrọ fún olówó rẹ̀.

Ó ku hibernate. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ olótùútù ni, láti ara ẹranko tó ń fi gbogbo ìgbà òtútù sùn. Ìlú wa kò ní irú rẹ̀, Mẹ́kà náà kò ní. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó túmọ̀ rẹ̀ sí oorun ìgbà òtútù, mo sì fa igi lé e. Kí ló dé? A ní ìgbín. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí ilẹ̀ gbẹ, ìgbín á wọ inú ìkarahun rẹ̀ lọ, á fi omi ara rẹ̀ ṣe ìdérí funfun kan dí ẹnu ọ̀nà, kò jẹ, kò mu, kò rìn, títí òjò àkọ́rọ̀ á fi rọ̀. Ooru ló lé e wọlé, kì í ṣe òtútù. Gbogbo ohun tó ní wà nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀, kò sì nílò ẹnikẹ́ni láti bu omi fún un lóru. S4 nìyẹn gẹ́lẹ́. Ìsémọ́ ìgbín ni mo fẹ́ máa pè é, tàbí ìsémọ́ lásán tí ẹ bá ń kánjú. Ẹni tó bá ń lọ sí Mẹ́kà pẹ̀lú iṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, kí ó sé e mọ́ kí ó tó kó o sínú báàgì, kí díìsìkì rẹ̀ sì ní kọ́kọ́rọ́.

Fún S3, mo ń ṣe iyèméjì láàárín àìsùn àti oorun aláìsùn. Àìsùn nìkan lè mú kí ènìyàn rò pé òkú ni a ń ṣe, tàbí ìsọjí. Ẹ bá mi rò ó. Kí kíláàsì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo kọ̀ǹpútà tiyín. Lórí Windows, ẹ tẹ powercfg /a, yóò to irú oorun tó mọ̀ jáde àti èyí tí kò mọ̀. Lórí Linux, ẹ ka fáìlì /sys/power/mem_sleep: tí ẹ bá rí deep níbẹ̀, ẹ̀rọ yín ṣì lè lọ sí S3, tó bá jẹ́ s2idle nìkan ló wà níbẹ̀, apirọrọ ni. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ bá yàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi àmì ohùn sí i, kí ẹ sì mú un wá.